Kí Wọ́n Pe Orúkọ: Bí Àwọn Aṣòfin South Carolina Ṣe Ń Yan Àwọn Tó Ń Díye Lé Iná

Ọ̀rọ̀ òní dá lórí ìbò kan tí ará ìlú kì í dì fúnra wọn, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń san owó rẹ̀ lóṣooṣù.

Ìlú Columbia, olú-ìlú ìpínlẹ̀ South Carolina ní Amẹ́ríkà, ni ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ náà ti ń jókòó. Tí ọjọ́ ìbò yìí bá pé, àwọn aṣòfin àgbà, tí wọ́n jẹ́ 46, á dìde ní gbọ̀ngàn tiwọn, wọ́n á sì kọjá sí gbọ̀ngàn àwọn aṣojú, níbi tí àwọn 124 ti ń dúró dè wọ́n. Ilé méjèèjì á wá di ọ̀kan. Wọ́n á ka orúkọ àwọn tó ń du ipò, akọ̀wé á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn aṣòfin àgbà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ á dárúkọ ẹni tó fẹ́, gbogbo ilé á sì gbọ́. Lẹ́yìn tiwọn ló kan àwọn aṣojú. Láyé ìsinsìnyí, tí gbogbo ilé bá fohùn ṣọ̀kan, bọ́tìnnì ni àwọn aṣojú máa ń tẹ̀ dípò kí wọ́n sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n orúkọ kálukú ṣì máa ń hàn. Wọ́n á ṣírò iye ìbò tí wọ́n dì, iye tí ènìyàn gbọ́dọ̀ ní kó tó wọlé, àti iye tí oníkálukú rí. Ààrẹ ilé aṣòfin àgbà á wá kéde ẹni tó borí.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú ètò yìí kì í tán nínú gbọ̀ngàn. Ìwé àkọsílẹ̀ ilé máa ń to orúkọ àwọn aṣòfin sábẹ́ orúkọ ẹni tí wọ́n dìbò fún, lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn tó yan ti Lágbájá níbí, àwọn tó yan ti Làkáṣègbè lọ́hùn-ún. Ìwé òfin ìpínlẹ̀ náà ló pa á láṣẹ. Abala kẹta, ìsọ̀rí 20, sọ pé ohùn ẹnu ni àwọn aṣòfin gbọ́dọ̀ fi dìbò nígbàkigbà tí wọ́n bá ń yan ènìyàn sípò, àfi tí gbogbo wọn bá gbà kí ó rí bí ẹlòmíràn, àti pé ìbò náà gbọ́dọ̀ wọ inú ìwé. Kò jọ ariwo “bẹ́ẹ̀ ni” tàbí “bẹ́ẹ̀ kọ́” tí odidi ilé ń pa pọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò ní lè sọ lọ́la pé lágbájá ló dáhùn báyìí.

Lára àwọn tí wọ́n ń yàn báyìí ni àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ tó ń darí àjọ Public Service Commission. Àjọ yìí ló ń sọ iye tí ilé-iṣẹ́ iná, ti gáàsì àti ti omi aládàáni lè gbà lọ́wọ́ oníbàárà. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n ń lò kí ìbò mìíràn tó dé. Bíi ìpínlẹ̀ mẹ́wàá ni ará ìlú ti ń dìbò yan irú àwọn bẹ́ẹ̀ fúnra wọn ní Amẹ́ríkà, Georgia, Alabama àti Louisiana wà lára wọn. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ tó kù, gómìnà ló ń yàn wọ́n. South Carolina àti Virginia nìkan ni ilé aṣòfin ti ń dìbò yan àwọn tó ń ṣàkóso owó iná.

Kí ló dé tí ìbò aṣòfin fi gbọ́dọ̀ hàn, nígbà tí a ń bo ti ará ìlú mọ́lẹ̀? Ìdí ni pé ìbò ará ìlú, tirẹ̀ ni. Kò yẹ kí ọ̀gá ibi iṣẹ́ rẹ̀, onílé rẹ̀ tàbí tọ́ọ̀gì àdúgbò mọ ibi tó tẹ̀ka sí. Ìbò aṣòfin kì í ṣe tirẹ̀. Wọ́n fi rán an ni, ẹni tí wọ́n bá sì rán níṣẹ́ gbọ́dọ̀ padà wá jíṣẹ́. Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà pàápàá mọ èyí nígbà tí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ṣì ń yan àwọn aṣòfin àgbà tó ń lọ sí Washington. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1866 sọ pé ohùn ẹnu ni kí wọ́n máa fi dìbò náà, kálukú pẹ̀lú orúkọ rẹ̀.

Síbẹ̀, ìpè orúkọ nìkan kò lé olè lọ. Ní Montana ní 1899, aṣòfin kan tó ń jẹ́ Fred Whiteside tú owó 30,000 dọ́là síta, ó ní owó náà ni wọ́n fẹ́ fi ra ìbò fún William A. Clark, olówó tó ń wa kọ́pà. Wọ́n rí owó náà pẹ̀lú ojú wọn. Clark ṣì wọlé. Nígbà tí ìgbìmọ̀ kan ní Washington tú iṣu ọ̀rọ̀ náà dé ìsàlẹ̀ ìkòkò, Clark fi ipò sílẹ̀ ní 1900. Ní Delaware, àwọn aṣòfin ń pe orúkọ, wọ́n ń tún un pè, wọn kò rí ẹnìkan fẹnu kò sí, débi pé láti 1901 sí 1903 ìpínlẹ̀ náà kò ní aṣòfin àgbà kankan ní Washington. Ní 1913 ni wọ́n yí òfin padà, tí ará ìlú fi ń yan àwọn aṣòfin àgbà fúnra wọn.

Ẹ̀kọ́ Montana yẹ fún àgbéyẹ̀wò dáadáa. Ìbò gbangba ń jẹ́ kí ará ìlú rí aṣojú wọn, òótọ́ ni. Ẹni tó fowó ra ìbò náà ń rí i pẹ̀lú: ó ń gbọ́ bóyá ọjà tó sanwó fún dé ọwọ́ rẹ̀. Ojú méjì ló ń wo aṣòfin bó ti ń la ẹnu, ojú ẹni tó bá sì ń wò jù ni yóò bẹ̀rù. Tí ará ìlú bá sùn, alágbára nìkan ni ìpè orúkọ ń ṣiṣẹ́ fún.

Ẹni tó jókòó nínú ilé sì ń pinnu ohun tí ìpè orúkọ máa bí. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, àwọn aláwọ̀ dúdú, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti jẹ́ ẹrú lánàá, ló pọ̀ jù nínú ilé aṣojú South Carolina. Ilé aṣòfin yẹn ló yan Jonathan Jasper Wright sí ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ ìpínlẹ̀ náà ní 1870, òun sì ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó jókòó sírú ipò bẹ́ẹ̀ ní ìpínlẹ̀ èyíkéyìí ní Amẹ́ríkà. Ní 1877, nígbà tí agbára bọ́ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀, ó fi ipò sílẹ̀. Ìgbà tí ilé aṣòfin náà tún máa yan aláwọ̀ dúdú sí ilé-ẹjọ́ yẹn, ọdún 1985 ni, ìyẹn Ernest Finney. Òfin ohùn ẹnu kò sọ pé dúdú tàbí funfun. Àwọn tí wọ́n ń pe orúkọ wọn ló yí padà.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Jenkinsville, abúlé kan níbi tí ilé-iṣẹ́ iná SCE&G àti Santee Cooper, tó jẹ́ ti ìjọba ìpínlẹ̀, ti fẹ́ kọ́ ẹ̀rọ núkílíà méjì tuntun. Ní 2007, ilé aṣòfin ṣe òfin kan tó fún ilé-iṣẹ́ aládàáni láyè láti máa gba èlé owó tí wọ́n yá fún iṣẹ́ náà lọ́wọ́ oníbàárà nígbà tí iṣẹ́ ṣì ń lọ, kí iná kankan tó tàn. Ní 2009, àjọ Public Service Commission fọwọ́ sí iṣẹ́ náà. Láti ìgbà yẹn, ìgbà mẹ́sàn-án ni àjọ gbà kí SCE&G fowó lé owó iná nítorí rẹ̀. Ó dé ibi pé nínú 100 dọ́là tí oníbàárà san fún iná, bíi 18 ń lọ sórí ẹ̀rọ tí kò tíì ṣiṣẹ́.

Kò ṣiṣẹ́ rí. Westinghouse, ilé-iṣẹ́ tó ya àwòrán ẹ̀rọ náà, lọ sílé-ẹjọ́ láti kéde pé gbèsè ti bo òun mọ́lẹ̀ ní oṣù kẹta 2017, ní ọjọ́ 31 oṣù keje ọdún kan náà sì ni àwọn tó ni iṣẹ́ kéde pé àwọn ti pa á tì. Nǹkan bíi bílíọ̀nù 9 dọ́là ti wọlẹ̀. Ó lé ní 5,000 òṣìṣẹ́ tó pàdánù iṣẹ́ wọn. Ní oṣù kẹsàn-án, Gómìnà Henry McMaster gbé ìwé ìwádìí kan tí ilé-iṣẹ́ Bechtel ṣe síta. Láti 2016 ni ìwé náà ti sọ pé nǹkan kò lọ déédéé, àwọn tó ni iṣẹ́ kò sì fi han àjọ. Kevin Marsh, ọ̀gá àgbà SCANA tó ni SCE&G, gba ẹ̀wọ̀n ọdún méjì ní 2021.

Ta ni kí ará ìlú mú? Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí. Àjọ sọ pé òfin 2007 ti so ọwọ́ àwọn, nítorí pé tí àjọ bá ti fọwọ́ sí iṣẹ́ kan, ó ṣòro kó tó lè kọ owó rẹ̀. Aṣòfin sọ pé àjọ ló fọwọ́ sí i. Aṣòfin yìí kan náà ló sì ṣe òfin, òun ló yan àjọ. Wọ́n ń tọ́ka sí ara wọn, oníbàárà sì ń san owó. Ìwé àkọsílẹ̀ ilé wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ tọ ipasẹ̀ ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹnìkọ̀ọ̀kan. Èyí kì í ṣe nǹkan kékeré. Níbi tí kò bá sí irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ̀sùn kò ní ibi tí yóò bà sí.

Ṣùgbọ́n ìwé yẹn náà ní ibi tó ti dákẹ́. Bí ìbò bá ti ń sún mọ́, àwọn tó ń du ipò máa ń ka iye aṣòfin tó ṣèlérí fún wọn, ẹni tó bá sì rí i pé tòun kò pé á yọ orúkọ rẹ̀ kí ọjọ́ tó pé. Tí ó bá ku ẹnìkan, aṣòfin kan lè dìde kó ní kí wọ́n ti ètò ìfàkalẹ̀ pa, gbogbo ilé á sì gbà á wọlé pẹ̀lú ariwo lẹ́ẹ̀kan náà. Ní oṣù kejì 2023, wọ́n fẹ́ fi ẹlòmíràn rọ́pò Kaye Hearn nílé-ẹjọ́ gíga jùlọ, obìnrin kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, tó sì kọ ìdájọ́ tó fagi lé òfin tó ń dènà oyún ṣíṣẹ́ ní oṣù kan ṣáájú. Adájọ́ mẹ́ta ló ń du ipò náà, obìnrin méjì àti ọkùnrin kan. Àwọn obìnrin méjèèjì yọwọ́ kí ìbò tó wáyé. Gary Hill wọlé pẹ̀lú ìbò 140 sí òdo, ilé-ẹjọ́ náà sì di ti ọkùnrin nìkan. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ: 140 ni ìwé kọ sílẹ̀, kò kọ ohun tí wọ́n sọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ti Virginia yàtọ̀ díẹ̀. Àjọ tiwọn, State Corporation Commission, ènìyàn mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Nítorí pé ilé méjèèjì wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nígbà kan, wọn kò rí ẹni yàn, ènìyàn kan ṣoṣo, Jehmal Hudson, ló ṣẹ́kù lórí àga jálẹ̀ 2023. Oṣù kìíní 2024 ni wọ́n tó yan Kelsey Bagot àti Samuel Towell kún un.

Kí ló wá kàn wá nínú èyí? Ó kàn wá gan-an. Láti ìgbà tí òfin iná mànàmáná 2023 ti fún àwọn ìpínlẹ̀ Nàìjíríà láṣẹ láti máa ṣàkóso ọjà iná nílé wọn, àjọ tó ń díye lé iná ti kúrò ní ọ̀rọ̀ Àbújá nìkan. Èkìtì àti Oǹdó wà lára àwọn àkọ́kọ́ tó gba àbójútó náà ní 2024, Èkó sì ṣe òfin tirẹ̀ lọ́dún kan náà. Nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, gómìnà ló sábà máa ń mú orúkọ wá, ilé aṣòfin á sì fọwọ́ sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni abala 198 ìwé òfin Nàìjíríà ṣe là á sílẹ̀ fún àjọ elétò ìdìbò ìpínlẹ̀ àti àjọ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Báwo ni wọ́n ṣe ń fọwọ́ sí i? Lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n á ní kí ẹni náà tẹríba kó máa lọ, ilé á pariwo “bẹ́ẹ̀ ni”, olórí á lu òòlù, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ewu inú rẹ̀ hàn kedere ní ọjọ́ 20 oṣù kẹta 2025, nígbà tí ilé aṣòfin méjèèjì ní Àbújá fọwọ́ sí òfin pàjáwìrì tí ààrẹ kéde ní ìpínlẹ̀ Rivers. Ìwé òfin sọ pé ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ọmọ ilé ló gbọ́dọ̀ gbà. Ariwo ohùn ni wọ́n fi dì í. Ta ló lè ka ariwo kó mọ̀ bóyá ó pé ìdá méjì nínú mẹ́ta? Ọmọ Nàìjíríà tó fẹ́ mọ bí aṣojú rẹ̀ ṣe dìbò lọ́jọ́ náà, ibo ni yóò ti kà á?

Àwọn kan á ní pípe orúkọ ń jẹ àkókò. Ogójì ni ọmọ ilé aṣòfin Èkó, 32 ni ti Ọ̀yọ́, 26 ni ti Ògùn, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì lọ́kọ̀ọ̀kan. South Carolina ń ṣe é pẹ̀lú 170. Nítorí náà, ẹ̀yin tó wà ní gbọ̀ngàn yìí, ẹ kọ̀wé sí aṣojú ẹkùn yín. Ẹ ní nígbà tí wọ́n bá tún gbé orúkọ ẹni tí yóò díye lé iná yín wá síwájú ilé, kí wọ́n fi orúkọ náà síta kí ọjọ́ ìbò tó pé, kí wọ́n bi ẹni náà léèrè ọ̀rọ̀ lójú gbogbo ayé, kí akọ̀wé pe àwọn aṣòfin lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì tẹ ìdáhùn wọn jáde fún ará ìlú láti kà.