Agbẹjọ́rò Tí Ó Gbèjà Oníbàárà
(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ará Ìrèsì sọ)

Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí kì í ra ọjà. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ sọ nípa agbẹjọ́rò kan tí ó gbèjà ẹni tí ń rajà, Babatunde Irukera.

Ní 1996, àrùn yírùnyírùn, èyí tí í mú ọrùn gan, jà ní Kánò. Ilé-iṣẹ́ Pfizer ti Amẹ́ríkà dán oògùn tuntun wò níbẹ̀. Ọmọdé 200 ni ó wà nínú ìdánwò náà. 11 nínú wọn kú. Ilé-iṣẹ́ náà ní àrùn ni ó pa wọ́n. Ìjọba pè é lẹ́jọ́ ní 2007, Irukera sì wà lára àwọn agbẹjọ́rò ìjọba. Ní 2009, Pfizer gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là láti parí ẹjọ́ pẹ̀lú Ìpínlẹ̀ Kánò.

Ní 2017, a fi Irukera ṣe olórí àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń dáàbò bo oníbàárà. Òfin ọdún 2018 fi kún agbára àjọ náà, ó sì sọ ọ́ di FCCPC. Irukera kúrò nípò ní January 2024, ṣùgbọ́n òfin náà wà síbẹ̀.

Òfin tí a kò mọ̀ kò lè gbà wá. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ olùkọ́ fi ṣe pàtàkì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Felicia Monye kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Nàìjíríà ní òfin yìí, ó sì kọ ìwé lé e lórí ní 2003. Ẹ jẹ́ kí àwa náà kọ́ díẹ̀ níbẹ̀. Òfin ní kí ọlọ́jà má ṣe gba owó tí ó ju iye tí ó kọ sára ọjà lọ. Ó ní kí a fún oníbàárà ní rìsíìtì. Ó sì fún wa ní ẹ̀tọ́ láti dá ọjà tí ó lábùkù padà.

Ẹ má ṣe fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ yìí. Ní 2008, oògùn eyín ọmọdé kan tí a ń pè ní My Pikin ní májèlé nínú. Ọmọ 84 ni ó bá a lọ. Nítorí náà, bí ẹ bá ń ra oògùn ara tàbí oògùn apakoríko, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí agbára rẹ̀ yóò tán. Ẹ gba rìsíìtì, ẹ sì tọ́jú ìgò rẹ̀: ìyẹn ni ẹ̀rí tí ẹ ó mú lọ síwájú àjọ.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí.