Báàjì Tí Ó Wà Nínú Àpótí Àwọn Bàbá Wa
(Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ẹ̀ka sọ ní ìpàdé oṣooṣù, Sábọ̀n Gàrí, Kánò)

Ààrẹ ní kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí báàjì àwọn ọmọ ogun àtijọ́. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Bọ́tìnnì, òwú àti abẹ́rẹ́ ni mo ń tà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti ta bọ́tìnnì fún ogún ọdún, ojú rẹ̀ a mọ idẹ.

Ohun tí ó fa ọ̀rọ̀ yìí ni pé ní oṣù tí ó kọjá, ọmọ kan ní àdúgbò wa kó àpótí bàbá rẹ̀ àgbà jáde fún àwọn bàbáńbólà. Wọ́n wọn ìràwọ̀ idẹ mẹ́ta àti báàjì fìlà kan pọ̀ mọ́ ìkòkò tí ó ti jó, wọ́n sì san owó ìkòkò fún un. Kí a tó gbọ́, ọmọláńké ti lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ti ń dá wọn mọ̀. Láàárín 1897 sí 1900 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia jọ sí abẹ́ orúkọ kan, West African Frontier Force. Ní 1928 ni wọ́n fi oyè Royal kún un. Igi ọ̀pẹ ni àmì wọn, nítorí náà bí ẹ bá rí ọ̀pẹ lórí idẹ, ẹ má ṣe rò pé ti ilé iṣẹ́ epo ni.

Bí adé bá wà lórí báàjì, ẹ wo orí adé náà dáadáa. Adé ti àkókò ogun Hitler, nígbà tí ọba ọkùnrin wà lórí ìtẹ́, yí roboto lókè bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé. Ti Ọbabìnrin Elizabeth, tí ó jẹ ní 1952, tẹ̀ wọnú ní àárín. Ní 1956 tí ó bẹ Nàìjíríà wò ni wọ́n sọ àwọn ọmọ ogun wa ní Queen's Own Nigeria Regiment. Nígbà tí ilẹ̀ wa di ti olómìnira tí kò lọ́ba mọ́ ní 1963, adé kúrò, ẹyẹ idì sì gba ipò rẹ̀. Ẹni tí ó bá mú báàjì onídì wá, tí ó ní òun ni bàbá òun fi ja ogun Burma, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ má bá a jà. Ìràwọ̀ onígun mẹ́fà tí ó wà lábẹ́ idì náà ni wọ́n ń pè ní èdìdì Sólómọ́nì. Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tí ó wà lára rẹ̀ ń sọ pé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run ni ìṣẹ́gun ti ń wá. Àwọn ọmọ ilé kéwú yóò kà á fún yín.

Èyí tí ó wọ̀ mí lọ́kàn jù kì í ṣe irin rárá, aṣọ ni. Ní 1943 ni wọ́n dá Division 81 àti 82 sílẹ̀, àwọn méjèèjì sì lọ bá Japan jà ní Burma. Aláǹtakùn dúdú lórí àwọ̀ ìyeyè ni àmì 81. Bí àwa ti ní Ìjàpá nínú àlọ́ ni àwọn ará Gold Coast, tí ó di Ghana, ní Ananse aláǹtakùn ọlọ́gbọ́n. Àmì 82 ni ọ̀kọ̀ méjì tí ó dábùú ara wọn, tí wọ́n sì gba inú òṣùká kọjá. Òṣùká ni mo wí, ẹ̀yin ìyá, irú èyí tí ẹ fi ń ru ẹrù! Kò sí ọ̀nà ọkọ̀ nínú igbó àti òkè ibẹ̀. Ọkọ̀ òfurufú ni ó ń ju oúnjẹ sílẹ̀, orí ni wọ́n sì fi ń ru ìyókù. Àwọn aláàárù wọ̀nyí ni wọ́n fi òṣùká náà bu ọlá fún. Division méjèèjì ni ó jùmọ̀ gba ìlú Myohaung ní January 1945. Ọmọ wa kan, Isaac Fadoyebo, ará Emùrẹ́-Ilé, fara gbọgbẹ́ níbẹ̀ ní 1944, àwọn ará abúlé sì fi í pamọ́ fún oṣù púpọ̀ títí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi dé. Ó dàgbà, ó darúgbó, ó sì kú ní 2012. Bíyì Bándélé tí wọ́n bí sí Kafanchan ní òkè níhìn-ín, tí ó kọ ìwé Burma Boy ní 2007, bàbá tirẹ̀ náà ja ogun yẹn. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí wa.

Nísinsìnyí, ẹ gbọ́ ibi tí ó ti dùn mí. Ìràwọ̀ Burma, tí rìbọ́ọ̀nù rẹ̀ pupa láàárín, tí ó ní àwọ̀ aró àti ìlà àwọ̀ ọsàn ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, àwọn ọmọ ogun Australia gba irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Australia tẹ orúkọ àti nọ́mbà ọmọ ogun sí ẹ̀yìn ti olúkúlùkù. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò kọ orúkọ sí èyí tí ó fún àwọn ọmọ ogun tirẹ̀, gbogbo èyí tí mo sì ti rí lọ́wọ́ àwọn ará wa, ẹ̀yìn rẹ̀ dán bọ̀rọ́. Ará Australia tí ó bá sọ tirẹ̀ nù, ẹni tí ó rí i lè mọ ẹni tí ó ni ín. Tiwa, bí ó bá ti kúrò nínú àpótí, ó di idẹ lásán. (Ẹ má sì jẹ́ kí fọ́tò tàn yín jẹ: àwọn ọmọ ogun wa náà dé àkẹtẹ̀ gbẹ̀ǹgbẹ̀ tí etí rẹ̀ ká sókè ní Burma, bíi ti àwọn ará Australia.)

Àyédèrú wà pẹ̀lú. Báàjì tí ẹ̀rọ tẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ a máa kótò níbi tí iwájú bá ti yọ. Èyí tí wọ́n yọ́ dà sínú iyanrìn a nípọn, a sì ní ihò wẹ́wẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú bó wọn. Ìkọ̀wé a pa rẹ́. Ẹ má sì ra ti àwọn ológun òde òní láéláé, nítorí òfin kò gba ẹni tí kì í ṣe sójà láyè láti wọ aṣọ sójà.

Mo ti la ìwé kan fún ẹ̀ka wa. Mo fẹ́ kọ orúkọ ẹni tí ó ni báàjì, ìlú rẹ̀, nọ́mbà rẹ̀ bí ó bá wà nínú ìwé tí wọ́n fi dá a sílẹ̀ (ti Nàìjíríà sábà ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú NA), àti ohun tí àwọn àgbà ilé rántí. Ẹgbẹ́ kò ní gba báàjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. A ó wò ó, a ó ya fọ́tò rẹ̀, a ó sì dá a padà lójú kan náà. Ìyáàfin tí ó ní ìràwọ̀ méjì tí ó mú wá lónìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi níbi tábìlì. Gègé wà lọ́wọ́ mi.