Ta Ló Yẹ Kí Á Kọ́kọ́ Bù Fún? Owó Ìnàkí àti Àwọn Tí Oko Wọn Bá Igbó Ọba Pààlà

Ìwé ìpè ní kí olùbánisọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí ìrìn-àjò afẹ́ sínú igbó jẹ́. Ta ni kò mọ̀ ọ́n nínú gbọ̀ngàn yìí? Àlejò sanwó, ó wá wo ẹranko láìpa á, igbó kò bà jẹ́, ará ibẹ̀ náà rí nǹkan mú relé. Igbó ọba ni èyí tí ìjọba fi òfin dè. Àwọn tọ́rọ̀ kàn ni ìjọba, àwọn oníṣòwò tó ń gba àlejò, àwọn olùwádìí, àti àwọn tí oko wọn bá igbó pààlà. Ìyẹn tó. Ẹni tó bá ń fẹ́ àlàyé tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ilé ìkàwé kò tíì tilẹ̀kùn.

Ohun tí olùbánisọ̀rọ̀ yìí wá sọ kò ju ẹyọ kan lọ. Bí owó igbó bá wọlé, ẹni tí igbó ń pa lára ni kí á kọ́kọ́ bù fún, kó tó kan ẹni tó mọ ọ̀nà ọ́fíìsì. Ọ̀pọ̀ ètò ìpín-owó tí wọ́n ń kọ́ wa láti òkèèrè ló dorí èyí kodò.

Kinigi ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, ní àríwá Rùwáńdà, lẹ́sẹ̀ àwọn òkè ayọnáyèéfín Virunga. Aago méje àárọ̀ ni àwọn àlejò ti ń pé sí olú-ibùdó igbó náà. Wọ́n ń mu kọfí, àwọn oníjó ń jó, àwọn amọ̀nà sì ń pín wọn sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́, ẹni mẹ́jọ mẹ́jọ. Ẹni tí ọ̀fìnkìn bá ń ṣe kò gbọdọ̀ gòkè, nítorí àìsàn ènìyàn a máa ran ìnàkí. Bí wọ́n bá rí àwọn ìnàkí, wákàtí kan péré ni wọ́n ní láti fi wò wọ́n. Owó wákàtí kan yìí jẹ́ 1,500 dọ́là fún àlejò òkèèrè. Ó ti jẹ́ 750 tẹ́lẹ̀. Ní oṣù karùn-ún 2017 ni ìjọba sọ ọ́ di ìlọ́po méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀yin olólùfẹ́ Arsenal tó bẹ̀rẹ̀ sí í rí orúkọ Rùwáńdà lápá aṣọ ẹgbẹ́ yín ní 2018, ohun tí wọ́n ń polówó nìyẹn.

Àmọ́ kí ẹsẹ̀ àlejò tó kan igbó, oko ló máa kọ́kọ́ là kọjá. Pòtétò, ẹ̀wà, àti òdòdó funfun tí wọ́n fi ń ṣe oògùn apakòkòrò, gbogbo rẹ̀ lórí ilẹ̀ dúdú ọlọ́ràá tí òkè náà pọ̀ jáde nígbà láéláé. Ebè tó kẹ́yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan odi òkúta tí wọ́n tò jọ láìfi símẹ́ńtì sí i, tó gùn ju kìlómítà 70 lọ, kí ẹfọ̀n má baà wọ oko. Ẹfọ̀n ṣì ń wọ̀ ọ́. Níbi tí òkúta bá ti yẹ̀, òru kan tó fún un láti tẹ ebè pa. Àwọn bàbá wa ní ẹlẹ́rù ní í gbé ibi tó wúwo. Ní Kinigi, gbogbo ayé ló ń pe ìnàkí ní ẹrù tirẹ̀, àgbẹ̀ ẹ̀bá odi ló ń gbé ibi tó wúwo.

Ìjà àtijọ́ kan wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí tí olùbánisọ̀rọ̀ yìí kò lè fò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé alága ti ń wo aago.

Dian Fossey, olùwádìí ìnàkí ọmọ Amẹ́ríkà, pàgọ́ sáàárín òkè Karisimbi àti Visoke ní 1967, ó sì pe ibẹ̀ ní Karisoke. Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1977, àwọn ọdẹ gún Digit pa, ìnàkí tó sún mọ́ ọn jù lọ, wọ́n sì gé orí àti ọwọ́ rẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, ogun ló kù. Fossey ń ká okùn ọdẹ, ó ń yìnbọn fún màlúù tó bá wọ igbó, ó ń jẹ́ kí wọ́n na ọdẹ tí ọwọ́ bá tẹ̀. Àlejò tó ń sanwó wá wòran kò sì dára lójú rẹ̀ rárá: wọn óò kó àìsàn wá, wọn óò sọ ìnàkí di ẹran tí kì í sá fún ènìyàn mọ́, ọdẹ óò wá rí wọn pa wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ní oṣù kejìlá 1985 ni wọ́n bá òkú rẹ̀ nínú ilé rẹ̀ lórí òkè, wọ́n ti ṣá a pa. Ẹ̀gbẹ́ Digit ni wọ́n sin ín sí.

Bill Weber àti Amy Vedder, tọkọtaya, ọmọ Amẹ́ríkà bákan náà, wo òkè kan náà, wọ́n rí nǹkan mìíràn. Nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 igbó náà ni wọ́n ti gé kúrò ní nǹkan bí 1969 fún òdòdó apakòkòrò yẹn. Nígbà tí àwọn méjèèjì dé ní 1978, ìjọba tún ń gbèrò láti gé hẹ́kítà 5,000 sí i fún ìjẹko màlúù. Okùn ọdẹ ń pa ìnàkí kọ̀ọ̀kan. Gígé igbó yóò pa gbogbo wọn pọ̀. Wọ́n wá jókòó ṣe ìṣirò: kí ni màlúù yóò mú wọlé, kí ni ìnàkí lè mú wọlé bí àlejò bá ń sanwó wò ó? Ní 1979 ni ètò tí wọ́n gbé kalẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ igbó, ẹ̀kọ́ fún ará ìlú, àti àlejò tó ń sanwó, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Màlúù kò wọ ibẹ̀.

Nígbà tí olùbánisọ̀rọ̀ yìí ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ olùkọ́, ó ní ọ̀rẹ́ kan, olóògbé báyìí, tó jẹ́ ọmọ lẹ́yìn Fossey pọ́nbélé. Ó ti wo fíìmù tí wọ́n ṣe nípa obìnrin náà ní 1988, kò sì sí ohun tí ẹ lè sọ fún un mọ́. Nínú yàrá tí àwọn olùkọ́ ti ń mu tíì, a máa gbá tábìlì pé ẹran tí wọ́n bá ti fi owó lé lórí, ọjọ́ tí owó bá dá ni yóò kú. Ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí a ní irọ́ ni, ebi ló ń pa ẹran, kì í ṣe owó. Tíì àwọn méjèèjì a tutù síbẹ̀. Lónìí tí ọ̀kan ò sí mọ́ láti dáhùn, ó yẹ kí èkejì ṣe ẹ̀tọ́. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2011 lórí òkè Virunga fi hàn pé àwọn agbo ìnàkí tí ènìyàn ń bẹ̀ wò lójoojúmọ́, yálà olùwádìí tàbí àlejò, ń fi nǹkan bí ìdá 4 nínú 100 pọ̀ sí i lọ́dún, nígbà tí àwọn agbo tí ẹnikẹ́ni kì í dé ọ̀dọ̀ wọn ń dín kù díẹ̀díẹ̀. Nǹkan bí 250 ìnàkí ló wà lórí Virunga ní 1981. Ìkaye 2016 bá 604. Ohun tí ìwádìí náà gbé lárugẹ ju ohun gbogbo lọ ni ìṣọ́ ojoojúmọ́ àti ìtọ́jú dókítà ẹran. Iṣẹ́ tí Fossey ń pariwo pé kí wọ́n ṣe nìyẹn. Owó àlejò ló wá ń san owó oṣù àwọn tó ń ṣe é. Weber àti Vedder ló borí, ṣùgbọ́n orí iṣẹ́ Fossey ni wọ́n dúró lé.

Ohun tí ìhà méjèèjì, àti gbogbo àwa tó ń gbá tábìlì nígbà náà, kò pariwo tó ni àgbẹ̀. Àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó ní 1979. Ogun àti ìpakúpa 1994 dá a dúró, wọ́n tún ṣí i ní 1999. Ọdún 2005 ni Rùwáńdà tó ṣe òfin pé kí ìdá 5 nínú 100 owó àwọn igbó ọba máa lọ sọ́dọ̀ àwọn tó yí wọn ká. Ọdún 26! Ọmọ tí wọ́n bí lẹ́bàá odi ní ọdún tí àlejò àkọ́kọ́ dé ti lè láya, kó ti bí tirẹ̀, kí nǹkan kan tó yọ sí i lọ́wọ́ látinú òfin. Ní 2017 tí owó ìwọlé di 1,500 ni wọ́n sọ ìdá 5 di 10.

Kí ni ìdá 10 náà ń ṣe? Ó ń kọ́ ilé-ìwé, ó ń kọ́ ilé ìwòsàn, ó ń gbé táǹkì omi dúró. Ohun tó dára ni, ẹnikẹ́ni má ṣe fi ṣẹ̀sín. Ní ilẹ̀ òkè yẹn, omi kì í dúró lójú ilẹ̀, táǹkì kan lè dá ọ̀nà jíjìn àwọn obìnrin dúró. Ṣùgbọ́n ilé-ìwé kì í yan ẹni tó ń wọlé. Ọmọ ẹni tí ẹfọ̀n tẹ oko rẹ̀ pa àti ọmọ ẹni tí kò gbin ebè kan rí jọ ń jókòó níbẹ̀. Àpò ìtanràn kan wà lábẹ́ òfin fún ẹni tí ẹranko bá ba oko rẹ̀ jẹ́ tàbí tó ṣe é léṣe, àmọ́ olóko ni yóò mú ẹ̀rí wá, tòun ti ìwé. Ẹni tó ní ebè márùn-ún ṣe máa fi ọjọ́ iṣẹ́ rìn lọ sí ọ́fíìsì nítorí ebè méjì?

Èyí tí olùbánisọ̀rọ̀ yìí yìn jù ní Kinigi ni ilé ìtura Sabyinyo Silverback Lodge. Ẹgbẹ́ àwọn ará ìlú náà, SACOLA, ló ni ín. Ilé-iṣẹ́ aládàáni ló ń bójú tó o. Gbogbo òru tí àlejò bá sùn níbẹ̀, owó kan ń wọ àpò ẹgbẹ́, ìpín kan nínú owó tí wọ́n pa sì ń tẹ̀ lé e. Owó yẹn kì í kọ́kọ́ gba olú-ìlú kó tó padà wá, ohun ìní tí wọ́n lè tọ́ka sí ló ń bí i. Ẹ tún wo ẹsẹ̀ òkè láàárọ̀: àwọn tó ń bá àlejò ru báàgì, àwọn kan nínú wọn ti dẹ okùn nínú igbó kan náà rí.

Ẹ jẹ́ kí á sún lọ sí Ùgáńdà, nítorí ìwé àbá iṣẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń kọ. Gbogbo wọn ló ń kọ ọ́ pé Ùgáńdà ń fún ará ìlú ní ìdá 20 nínú 100, wọ́n á sì fàmì ìyanu sí i. Ìdá 20 nínú kí ni? Ẹ kò béèrè! Òfin 1996 sọ pé nínú owó ẹnu géètì ni. Owó géètì jẹ́ nǹkan bí 40 dọ́là. Ìwé àṣẹ àtiwo ìnàkí tó ti di 800 dọ́là láti 2024, àpò tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni. Dọ́là 10 ni wọ́n ń yọ níbẹ̀ fún àwọn ará ìlú, 5 ló sì jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá fún yín ní ìdá ńlá nínú àpò kékeré ti tàn yín jẹ. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn 2020 ti géètì pa, ẹnìkan wọ igbó Bwindi láti dọdẹ ẹran kéékèèké, ó sì pa Rafiki, baálé agbo ìnàkí Nkuringo. Ẹ̀wọ̀n ọdún 11 ni wọ́n dá fún un. Olóògbé ọ̀rẹ́ wa ì bá ti gbá tábìlì lọ́jọ́ yẹn, kò sì ní í jẹ̀bi tán.

Àwọn Batwa ńkọ́? Inú igbó yẹn ni wọ́n ń gbé kí ẹnikẹ́ni tó pè é ní igbó ọba. Ní 1991 ni wọ́n kó wọn jáde. Ẹni tó ní oko ni wọ́n ń san nǹkan fún. Batwa kì í dáko, oyin àti ẹran ni wọ́n ń wá, nítorí náà ọ̀pọ̀ wọn kò rí nǹkan gbà. Ilé-ẹjọ́ orílẹ̀-èdè náà sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ ní 2021, ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà. Lónìí wọ́n ń mú àlejò rìn nínú igbó Mgahinga, wọ́n ń fi bí bàbá wọn ṣe ń ko oyin hàn wọ́n, wọ́n ń gba ìpín. Ọ̀rọ̀ wọn ju báyìí lọ, àkókò ni kò sí.

Ó ku ilé. Igbó Ọba Ọ̀yọ́ Àtijọ́ di ti ìjọba àpapọ̀ ní 1991. Ó fẹ̀ tó kìlómítà 2,512 níbùú lóròó, inú rẹ̀ sì ni ahoro Ọ̀yọ́-Ilé wà. Mélòó nínú ẹ̀yin tó ń fi Ọ̀yọ́-Ilé ṣe oríkì ló ti dé ibẹ̀? Ẹ̀yin kan tilẹ̀ ra ẹran ìgbẹ́ lójú títì Ọ̀rẹ̀ kí ẹ tó dé síbí. Àlejò ibẹ̀ kò pọ̀, ẹ má ṣe lọ ṣèlérí ìdá kankan nínú owó géètì fún ará Ìgbọ̀họ, Kìṣí tàbí Ṣẹ̀pẹ̀tẹ́rí. Wọn óò ka ohun tó kàn wọ́n, wọn óò sì pè yín ní òpùrọ́. Iṣẹ́ ni kí ẹ pín: ẹ̀ṣọ́, amọ̀nà, awakọ̀, kí ọmọ ìlú tó bá igbó pààlà jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n máa gbà. Ní òkè Mbe ní Cross River, níbi tí díẹ̀ nínú ìnàkí tiwa ṣì wà, ìlú mẹ́sàn-án ló kóra jọ ṣe ẹgbẹ́ tó ń ṣọ́ òkè náà. Ẹ lọ bá wọn, kí ẹ tó lọ sí Kinigi.

Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, hẹ́kítà 75, wọ ìwé ogún àgbáyé UNESCO ní 2005. Lóṣù kẹjọ tí ọdún Ọ̀ṣun bá dé, hótẹ́ẹ̀lì Òṣogbo ń kún. Odò tó gba inú igbó náà kọjá sì ti ń pọ́n láti ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, nítorí àwọn tó ń wa góòlù lókè odò nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ìgbìmọ̀ yòówù tí ẹ bá gbé kalẹ̀ láti pín owó àlejò ibẹ̀, ẹ fi àga sílẹ̀ fún àwọn tó ń pọn omi odò yẹn, láti òkè rẹ̀ dé ìsàlẹ̀, kí ẹ tó pe onílé ìtura.