Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Àwọn Tálákà Jàmáíkà: Ẹ̀kọ́ fún Àwa Òṣìṣẹ́

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ìdí nìyí tí òṣìṣẹ́ fi ń kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ìjọba nígbà tí ìyà bá pọ̀ jù. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò ni èyí: kí ni ó ń mú kí a gbọ́ ìwé ẹ̀bẹ̀, kí sì ni ó ń sọ ọ́ di bébà lásán? Ẹ jẹ́ kí a bi erékùṣù Jàmáíkà ti ọdún 1865 léèrè.

Ní 1838 ni àwọn ẹrú ibẹ̀ gba òmìnira pátápátá lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Òmìnira dé, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò bá a dé: ọwọ́ àwọn olóko ìrèké ni ilẹ̀ tó dára jù wà. Láti 1846 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Lọ́ńdọ̀nù ti bẹ̀rẹ̀ sí mú ààbò owó-bodè kúrò lórí ṣúgà àwọn ilẹ̀ abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀pọ̀ oko ìrèké kógbá sílé, iṣẹ́ sì dín kù. Ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, láti 1861 sí 1865, sọ oúnjẹ àti aṣọ tí ń ti òkèèrè wọlé di ọ̀wọ́n. Ọ̀dá tún ba oko àwọn mẹ̀kúnnù jẹ́. Erékùṣù náà ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tirẹ̀, ṣùgbọ́n ohun ìní àti owó-orí ni a fi ń mọ ẹni tó lè dìbò. Nínú ènìyàn tó lé ní 400,000, àwọn tó dìbò ní 1864 kò tó 2,000. Ta ni yóò wá gbẹnu sọ fún ẹni tó ń gé ìrèké?

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àjèjì ni. Lára àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lẹ́yìn òmìnira, Yorùbá wà nínú wọn. Abúlé kan ṣì ń jẹ́ Abẹ́òkúta ní ẹkùn Westmoreland títí di òní.

Ní oṣù kìn-ín-ní 1865, Edward Underhill, akọ̀wé ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Onítẹ̀bọmi, kọ̀wé sí Edward Cardwell, mínísítà tó ń ṣàkóso àwọn ilẹ̀ amúnisìn, nípa ebi àti àìríṣẹ́ṣe tó wà níbẹ̀. Cardwell fi ìwé náà ránṣẹ́ sí gómìnà, Edward Eyre. Ní oṣù kẹrin, àwọn tálákà ẹkùn St Ann kọ ìwé tiwọn sí Ọbabìnrin Victoria. Wọn kò tọrọ àánú. Ilẹ̀ ọba ni wọ́n bèèrè láti fi dáko. Gómìnà fi ìwé náà ránṣẹ́, ṣùgbọ́n ó fi àlàyé tirẹ̀ lé e pé ọ̀lẹ ló ń yọ wọ́n lẹ́nu.

Oṣù kẹfà ni wọ́n kọ ìdáhùn. Ọ́fíìsì Cardwell ló kọ ọ́, orúkọ Ọbabìnrin ni wọ́n fi gbé e jáde. Ohun tó sọ ni pé kí àwọn ènìyàn náà máa ṣiṣẹ́ owó-ọ̀yà láìsinmi, nígbà tí àwọn olóko bá ń fẹ́ wọn, kí wọ́n má sì retí ìrànlọ́wọ́ láti ibòmíràn. Nípa ilẹ̀, kò sí ìlérí kankan. Eyre tẹ 50,000 ẹ̀dà rẹ̀, ó pín in káàkiri. Àwọn pásítọ̀ kan kọ̀ láti kà á fún ìjọ wọn.

Ní oṣù kẹjọ, Paul Bogle, díákónì láti Stony Gut, kó àwọn ènìyàn sẹ́yìn, wọ́n fi ẹsẹ̀ rin nǹkan bíi máìlì 45 lọ bá gómìnà ní Spanish Town. Gómìnà kò gbà láti rí wọn. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá, Bogle àti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn wọ́ lọ sí ilé ẹjọ́ Morant Bay. Àwọn ológun yìnbọn, wọ́n pa méje. Inú bí èrò, ẹ̀jẹ̀ sì ṣàn níhà méjèèjì. Eyre kéde òfin ológun. Ènìyàn 439 ni wọ́n pa, wọ́n na nǹkan bíi 600 ní ẹgba, wọ́n sì dáná sun ilé tó tó 1,000. Wọ́n mú George William Gordon, aṣòfin tó ń gbèjà tálákà, ní Kingston tí òfin ológun kò dé, wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi gbé e lọ sí Morant Bay, wọ́n sì yẹgi fún un ní ọjọ́ 23. Ní ọjọ́ kejì, ó kan Bogle. Kí ọdún tó parí, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀ rẹ́, gbogbo àṣẹ sì bọ́ sọ́wọ́ Lọ́ńdọ̀nù. Ìgbìmọ̀ ìwádìí dé ní 1866, a sì yọ Eyre nípò, ṣùgbọ́n òkú kò jíǹde.

Ẹ̀yin ará, kí ló fa ìjákulẹ̀ ìwé náà? Ọwọ́ ẹni tí wọ́n ń fẹ̀sùn kàn ni ìwé gbà kọjá. Wọn kò ní ìbò tí aṣòfin lè bẹ̀rù. Wọn kò sì ní ẹgbẹ́ tó lè sọ fún olóko pé, bí o kò bá gbọ́, iṣẹ́ yóò dúró. Bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni.

Ní 1938, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ Jàmáíkà daṣẹ́ sílẹ̀ ní Frome àti ní Kingston, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ìgbìmọ̀ ìwádìí wá. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fìdí múlẹ̀, gbogbo àgbàlagbà sì dìbò ní 1944. Ní 1969, orílẹ̀-èdè náà sọ Bogle àti Gordon di akọni rẹ̀. Nílé níhìn-ín náà, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba bèèrè àfikún owó ọ̀wọ́n-gógó títí wọ́n fi sú. Ìyanṣẹ́lódì oṣù kẹfà 1945, tó lé ní oṣù kan, ló mú ìgbìmọ̀ Tudor Davies jókòó, tí àfikún sì tẹ̀ lé e.

Nítorí náà, ẹ má ṣe fi ìwé ẹ̀bẹ̀ ṣẹ̀sín. Ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn aráàlú wà ní ilé aṣòfin méjèèjì ní Àbújá, aṣòfin ló sì ń gbé ìwé náà kalẹ̀ níbẹ̀. Bí ẹ̀ka yín bá fẹ́ kọ ọ́, èkínní, ẹ kọ òtítọ́ tí a lè díwọ̀n: iye owó-oṣù, iye oṣù tí a jẹ yín, iye ènìyàn. Èkejì, ẹ sọ ohun kan pàtó tí ẹ ń fẹ́, àti ọjọ́ tí ẹ ń retí èsì. Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìwé yín gba ọwọ́ ọ̀gá tí ẹ ń fẹ̀sùn kàn nìkan. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà, kí ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí pé ó dé. Ẹ̀kẹrin, tó sì ṣe pàtàkì jù, ẹ pe ìpàdé kí ẹ tó kọ ọ́, kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ mọ ohun tí a óò ṣe bí èsì kò bá dé.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Àwọn ará St Ann ní òtítọ́, wọ́n ní ìgboyà, ṣùgbọ́n àgbájọ ọwọ́ kò tíì sí. Àwa ní in. Ẹ jẹ́ kí a lò ó.