Mímú Irin Ìbọn Ìléwọ́ Dán Nínú Ilé

Àwọn baba wa a máa pa á lówe pé, 'Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a dojú rẹ̀ kọ òun?' Apátí ni ọmọ irin tí à ń fi ìka fà kí ìbọn tó dún. Láti inú òwe yìí ni mo ti fẹ́ mú ọ̀rọ̀ mi ní alẹ́ òní, nítorí pé ohun tí mo fẹ́ sọ kò jìnnà sí apátí àti àwọn irin tí ó ń bá a ṣiṣẹ́.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gbígbé ìbọn ìléwọ́ sára kì í ṣe ohun àjèjì. Ní oṣù kẹfà ọdún 2022, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ níbẹ̀ dá a lẹ́jọ́ pé ará ìlú ní ẹ̀tọ́ láti gbé e jáde nílé fún ààbò ara rẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, Òfin Ìbọn ti ọdún 1959 ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ àwọn tí a kà léèwọ̀, àfi bí Ààrẹ bá fọwọ́ sí i. Ìbọn ọdẹ tí à ń ti ẹnu rẹ̀ ki ẹ̀tù sí wà ní ìsọ̀rí mìíràn. Bí ẹnikẹ́ni bá wá bi mí pé kí ló kàn wá nínú ọ̀rọ̀ náà, èsì mi ni pé àwọn ọmọ wa ń gbé lọ́hùn-ún, àwọn mìíràn nínú wọn sì ní ìbọn.

Kí ni í mú kí ẹni tí ó ní irú ìbọn bẹ́ẹ̀ jókòó tì í pẹ̀lú aṣọ àti pọ́líìṣì? Ìdí mẹ́ta ni mo rí.

Èkíní ni òógùn. Ìbọn tí ó ń gbé ìbàdí láti àárọ̀ di alẹ́ kò lè ṣàì mu òógùn ara. Iyọ̀ wà nínú òógùn, iyọ̀ a sì máa yára fa ìpáàrà. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń ṣe ìbọn ṣe máa ń fi oògùn sọ irin rẹ̀ di dúdú bí aró. Dúdú yìí fúnra rẹ̀ jẹ́ irú ìpáàrà kan, ṣùgbọ́n ó dì mọ́ irin, ó sì ń bá a dènà ìpáàrà pupa tí í jẹ irin run. Ẹni tí ó bá họ ọ́ kúrò kí ìbọn rẹ̀ lè máa kọ mànà bí fàdákà, ẹ̀wù ni ó bọ́ lára irin ní ọjọ́ òjò.

Èkejì ni ọ̀nà ọta. John Browning, ọmọ ìlú Ogden ní ìpínlẹ̀ Utah, ni ó ṣe ìbọn tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tẹ́wọ́ gbà ní ọdún 1911. Ọta tí orí rẹ̀ rí rìbìtì ni wọ́n ṣe é fún. Nígbà tí ọta tí orí rẹ̀ jin kòtò dé, ó ń kọ́ sí ojú ọ̀nà gẹ̀rẹ́ tí ọta ń gbà wọ inú ọ̀pá ìbọn. Àwọn ènìyàn wá bẹ̀rẹ̀ sí í mú ojú ọ̀nà náà dán kí ọta lè máa yọ́ wọlé.

Ẹ̀kẹta ni apátí. Bí irin bá ń ha irin, fífà rẹ̀ a máa le, a sì máa gbọ̀n. Ẹni tí ó ní ìbọn fẹ́ kí ó rọ̀ sí ìka òun.

Níbi tí ewu wà gan-an nìyí, èdè Yorùbá sì lè là wá lọ́yẹ̀. Mímú nǹkan dán yàtọ̀ sí fífá a. Ẹni tí ó fi òróró pa orí, orí rẹ̀ dán, irun rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ẹni tí ó fá orí, irun rẹ̀ ti lọ. Ṣùgbọ́n irun a máa hù padà. Irin kì í hù. Aṣọ múlọ́múlọ́ àti pọ́líìṣì díẹ̀ ń mú irin dán. Fáìlì, sáńpépà tí ó le, àti ẹ̀rọ tí iná mànàmáná ń yí bírí ń fá a ni.

Nínú ìbọn Browning yìí, òòlù kékeré kan wà lẹ́yìn. Ìkọ́ ni ó dá a dúró títí a ó fi fa apátí. Ibi tí ìkọ́ àti òòlù ti pàdé kò tó mìlímítà kan ní jíjìn. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń gbé ní Texas tú ìbọn tirẹ̀ sí orí tábìlì ilé ìdáná, ó sì fi ẹ̀rọ kékeré yẹn 'mú ibẹ̀ dán.' Nígbà tí mo kí i nílé, ó to ìbọn náà pọ̀, ó fa ìdérí rẹ̀ sẹ́yìn, ó sì fi í sílẹ̀. A kò fọwọ́ kan apátí, òòlù sì wó lulẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọlọ́run ni ó yọ wá, nítorí kò sí ọta nínú rẹ̀. Àwa méjèèjì dákẹ́, ọmọ rẹ̀ sì ń ṣeré nínú yàrá kejì.

Nítorí náà, ẹni tí òfin ìlú rẹ̀ bá fún ní ìbọn ìléwọ́, kí ó fi ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí sọ́kàn. Èkíní, kí ó kọ́kọ́ yọ àpò ọta, lẹ́yìn náà ni kí ó fa ìdérí, kí ó fi ojú wo inú ihò ọta, kí ó sì fi ìka kàn án. Bí ó bá fa ìdérí ṣáájú, ọta mìíràn yóò ti inú àpò wọlé. Kí ọta gbogbo wà ní yàrá mìíràn. Àwọn ìbọn kan wà, bí Glock tí àwọn ọmọ ogun Austria tẹ́wọ́ gbà ní ọdún 1982, tí a gbọ́dọ̀ fa apátí wọn kí a tó lè tú wọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti ibẹ̀ fara gbọgbẹ́. Èkejì, kí ó fi ọwọ́ àti aṣọ nìkan ṣe é, kí ó má sì fọwọ́ kan òòlù àti ìkọ́. Iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ ìbọn nìyẹn. Ẹ̀kẹta, kí ó nu pọ́líìṣì kúrò tónítóní, nítorí èyí tí ó bá ṣẹ́kù yóò máa jẹ irin lọ, kí ó sì fi òróró díẹ̀ pa á. Ẹ̀kẹrin, kí ó fi ọṣẹ wẹ ọwọ́ kí ó tó jẹun tàbí kí ó gbé ọmọ, nítorí òjé wà nínú èérí ìbọn, òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní òwe apátí yìí fún ọjọ́ pípẹ́, mo rò pé mo mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ tí òòlù wó lójú mi ni mo tó gbọ́ ohun tí ó ń sọ. Ẹni tí ó bá fá ìkọ́ ìbọn rẹ̀ ti sọ ìbọn alápátí di èyí tí kò ní apátí. Ilé rẹ̀ sì ni ó dojú rẹ̀ kọ.