Mọ́tò Rìmóòtù Tó Ń Pariwo: Ẹ Gbọ́ Ohun Tó Ń Sọ Kí Ẹ Tó Fi Gírísì Sí I

 

Ọ̀rọ̀ mọ́tò rìmóòtù la máa sọ lónìí. Kì í ṣe tàwọn ọmọdé tí wọ́n ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì o. Èyí tí wọ́n ń pè ní touring car ni mo ní lọ́kàn: ó kéré sí mọ́tò gidi ní ìlọ́po mẹ́wàá, bátìrì ló ń lò, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń gba agbára, orí ilẹ̀ tó tẹ́jú ló sì ti ń sáré. Ìbéèrè tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí mi jù nípa rẹ̀ nìyí: "Kí ló dé tí tèmi ń ké bí ẹ̀rọ ìlọta? Gírísì wo ni mo lè fi sí i kó dákẹ́?"

Ìdáhùn mi ò gùn. Ẹ má tíì fi gírísì sí i. Ẹ má sì tíì ra nǹkan kan. Ariwo yẹn, ìròyìn ló ń mú wá. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ tán ná ká tó pa á lẹ́nu mọ́.

Ìdí tó fi ṣe pàtàkì ni pé owó wà ńbẹ̀. Agbára tó wà nínú bátìrì yín, ẹ̀yin lẹ sanwó rẹ̀, ó sì yẹ kó dé ẹsẹ̀ mọ́tò. Tí jíà méjì bá ń ha ara wọn, apá kan agbára yẹn ti di ooru lójú ọ̀nà nìyẹn. Ooru yẹn á mú ẹ́ńjìnì gbóná, híha yẹn á sì jẹ eyín jíà. Jíà tó bá jẹ tán, ẹ ó tún ra òmíràn, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì jẹ́ pé òkè òkun ló ti ń bọ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà lára àwa tí a máa ń ṣeré yìí ní ọjọ́ Sọ́ńdè, nígbà tí ibi ìgbọ́kọ̀sí bá ṣófo. Oṣù mélòó kan ló fi tọ́jú owó kó tó ra tirẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, jíà ńlá méjì ló ti jẹ. Ẹni tó tà á fún un ní bí wọ́n ṣe máa ń dún nìyẹn, kó kúkú ra ẹ́ńjìnì tó lágbára jù. Ló bá wá bá mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ tà á. Ṣé ẹ mọ ẹni tó máa rà á?" Mo ní kó jókòó ná. Màá padà sórí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ká tó wá ariwo, ó yẹ ká mọ ọ̀nà tí agbára ń gbà. Ẹ jẹ́ ká mú TT-02, tí ilé iṣẹ́ Tamiya ti ìlú Shizuoka ní Japan gbé jáde ní 2013, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ́ńjìnì iná ń yí jíà kékeré kan tó wà lórí ọ̀pá rẹ̀. Jíà kékeré yẹn ń yí jíà ńlá. Jíà ńlá ń yí ṣáàfùtù tó gba àárín mọ́tò kọjá, láti ẹ̀yìn dé iwájú. Ní orí méjèèjì ṣáàfùtù yìí, jíà mìíràn wà tó ń darí agbára sí ẹ̀gbẹ́, sínú dífù, láti ibẹ̀ ló ti ń dé ẹsẹ̀. Àwọn mọ́tò mìíràn ń lo bẹ́líìtì dípò ṣáàfùtù, ìyẹn ló fi máa ń rọlẹ̀ létí jù. Nítorí náà, tí ti ọ̀rẹ́ yín tó ní bẹ́líìtì bá dákẹ́ ju tiyín lọ, ìyẹn nìkan kò ní kí tiyín bàjẹ́.

Nísinsìnyí, nọ́ńbà díẹ̀. Jíà kékeré inú páálí TT-02 ní eyín 22, jíà ńlá ní 70. Tí ẹ́ńjìnì bá ń yí ní ìgbà 10,000 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìgbà 167 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 22, ẹ ó rí i pé eyín ń kan eyín ní ìgbà tó lé ní 3,600 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ìró tó ń bẹ níbẹ̀ nìyẹn. Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ ohùn mọ̀ pé láàárín 2,000 sí 5,000 ni etí ọmọ èèyàn ti máa ń gbọ́ nǹkan jù. Ìdí nìyẹn tí igbe jíà fi máa ń gún èèyàn létí, bí kò tilẹ̀ lágbára. Ẹ má bú aládùúgbò yín.

Ẹ tún gbọ́ o: àwa Yorùbá ti ní àǹfààní kan nínú iṣẹ́ yìí. Ẹni tó lè mọ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ láìwo ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀, etí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti mọ́ra fún ìró tó ròkè àti èyí tó rẹlẹ̀. Òun náà la máa lò.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ yọ bátìrì kúrò. Ẹ fi ẹfun sàmì sí táyà kan, ẹ gbé mọ́tò sórí tábìlì, kí ẹ tì í síwájú díẹ̀díẹ̀, gbọnrangandan. Ẹ fetí sílẹ̀, ẹ sì jẹ́ kí ọwọ́ yín náà gbọ́. Tí nǹkan kan bá ń kan lẹ́ẹ̀kan ní gbogbo ìgbà tí àmì yẹn bá yí po, ọ̀dọ̀ ẹsẹ̀ tàbí dífù ni kí ẹ wò. Lórí TT-02, ṣáàfùtù máa ń yí ní ìgbà 2.6 kí ẹsẹ̀ tó yí lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà, tí ó bá ń kan ní bí ìgbà méjì àbọ̀, jíà ńlá tàbí ṣáàfùtù ló lẹ́bi. Tí ó bá ju ìgbà mẹ́jọ lọ, ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnì àti jíà kékeré ni. Ẹ ó kíyè sí i pé ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ máa ń dì mọ́ ọwọ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń tì í. Mágínẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àìsàn.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ tú ẹ́ńjìnì kúrò, ẹ tún ti mọ́tò. Tí ariwo bá ti lọ, ibi tí jíà kékeré ti pàdé jíà ńlá ni ọ̀rọ̀ wà. Tí ó bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ máa bá a lọ síwájú: ẹ yọ ṣáàfùtù, kí ẹ fọwọ́ yí dífù iwájú àti tẹ̀yìn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nǹkan kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ lójú kan náà kò ní mọ èyí tó jẹ̀bi.

Bí ẹ̀bi bá wà láàárín jíà méjèèjì, ohùn ló máa sọ èyí tó jẹ́. Fíìì tó ròkè, tó ń hunrun, tí ẹ́ńjìnì sì ń gbóná: wọ́n ti sún mọ́ ara wọn jù. Kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ tó rẹlẹ̀, bíi kí èèyàn máa gbọn òkúta nínú agolo: wọ́n ti jìnnà síra jù, eyín sì ti fẹ́ máa fò. Èyí tó bá ń lọ sókè-sódò, fíì-fíì-fíì, jíà ńlá kò rí róbótó dáadáa, tàbí síkúrù rẹ̀ kò dọ́gba.

Bébà lásán la fi ń tún un ṣe. Ẹ gé bébà ìwé kíkọ tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fi sáàárín jíà méjèèjì, ẹ ti ẹ́ńjìnì mọ́ ọn, ẹ de síkúrù, kí ẹ wá yí jíà kí bébà jáde. Ó yẹ kí bébà náà ká kọ́rọ́kọ́rọ́ bí ojú ayùn. Kò yẹ kó ya. Lẹ́yìn náà, ẹ yí jíà ńlá dé ibi mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ fi ìka mi ín wò níbi kọ̀ọ̀kan. Ó gbọ́dọ̀ mì díẹ̀ ní gbogbo ibẹ̀. Tí ibì kan bá fún pinpin, ibẹ̀ ni kí ẹ fi bébà wọn. Lára àwọn mọ́tò kan, ẹ ò lè sún ẹ́ńjìnì bó ṣe wù yín. Ihò síkúrù ti wà fún iye eyín kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn túmọ̀ sí pé ẹ gbọ́dọ̀ ka eyín jíà kékeré yín kí ẹ tó yan ihò.

Ẹ jẹ́ kí n wá padà sórí ọ̀dọ́mọkùnrin wa. A fi bébà wọ̀n ọ́n, bébà ń ya níbì kan, ó sì ń jáde láìká níbòmíràn. Mo ní kó mú jíà kékeré tó bá mọ́tò wá nínú páálí, kó gbé e ti èyí tó ń lò. Ojú ló kọ́kọ́ rí i: eyín wọn kò tóbi bákan náà. Ti páálí jẹ́ oníwọ̀n 0.6, tí eyín kan sí èkejì jẹ́ bíi mílímítà 1.88. Èyí tí wọ́n tà fún un pé ó máa sáré jù jẹ́ oníwọ̀n 48, tí tirẹ̀ jẹ́ bíi mílímítà 1.66. Ìyàtọ̀ yẹn kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin mílímítà kan, ṣùgbọ́n ó tó láti fi irin jẹ ike bí eku ṣe ń jẹ ẹja gbígbẹ. Kò sí gírísì tó lè wo èyí sàn. Ẹ́ńjìnì tó lágbára jù ì bá tilẹ̀ jẹ ẹ̀kẹta kíákíá ni. Ó dá jíà páálí padà, ó fi jíà ńlá tuntun sí i, ó rọra fi bátìrì kan sá a láìtẹ̀ ẹ́ dé òpin kí eyín lè mọ ara wọn. Mọ́tò náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí kì í bá ṣe jíà, ẹ wo bẹ́rìn. Nínú àwọn páálí kan, búùṣì oníke ni ẹ ó bá. Búùṣì máa ń jẹ, tó bá sì ti jẹ, ṣáàfùtù á máa mì, jíà kò sì ní dúró sójú kan. Bẹ́rìn tí TT-02 ń lò fẹ̀ ní mílímítà 11, ihò rẹ̀ jẹ́ 5, ó nípọn ní 4. 1150 ni wọ́n ń pè é lọ́jà. Ẹ fi sí orí ohun tẹ́ẹ́rẹ́ kan kí ẹ yí i. Tó bá ń ṣe bí ẹni tí iyanrìn wà nínú rẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí dífù bá ń mì sọ́tùn-ún sósì nínú ilé rẹ̀, wọ́ṣà tín-ín-rín wà tó nípọn ní 0.1, 0.2 àti 0.3. Ẹ máa fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sí i, ẹ sì dúró níbi tó bá ti ń yí wẹ́rẹ́.

Tí ariwo bá jẹ́ tà-tà-tà níwájú, kìkì nígbà tí ẹ bá kọ́nà pátápátá, ẹ fi jíà sílẹ̀. Oríkèé ọ̀pá tó ń gbé agbára lọ sí táyà iwájú ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí kì í yí dọ́gba tó bá ti tẹ̀ jù. Ẹ dín bí iwájú ṣe ń yí kù lórí rìmóòtù, tàbí kí ẹ ra oríkèé onílọ̀ọ́po méjì.

Ìgbà yìí ni gírísì ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn. Díẹ̀ ni, lórí jíà tí ilé rẹ̀ pa dé nìkan. Jíà tó bá wà níta, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ̀yin náà mọ ìgbà ọyẹ́: eruku tó ń bà lórí tẹlifíṣọ̀n láàárín ọjọ́ kan, tó bá pàdé gírísì, ó di ohun tí wọ́n fi ń ha irin.

Ohun kan tó kù, iṣẹ́ tèmi gan-an ni. Ẹ fi fóònù gba ohùn mọ́tò yín sílẹ̀ kí ẹ tó tún un ṣe àti lẹ́yìn tí ẹ bá tún un ṣe, fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, níbi kan náà, pẹ̀lú bátìrì tó kún. Ẹ má fi bó ṣe rinlẹ̀ sí ṣe ìdájọ́, torí ọ̀pọ̀ fóònù máa ń gbé ohùn tó kéré sókè fúnra wọn. Ìrísí ohùn ni kí ẹ fi wé ara wọn: ṣé fíì-fíì yẹn ti di ọ̀kan tó tẹ́jú? Ẹ fún ohùn náà ní déètì, kí ẹ tọ́jú ẹ̀. Lóṣù mẹ́ta òní, tó bá yí padà, ẹ ó ti mọ̀ kí eyín tó jẹ. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Mọ́tò oníṣáàfùtù kò ní dákẹ́ pátápátá láéláé, kò sì yẹ kó dákẹ́. Ohùn kan tó tẹ́jú, tó ń gòkè bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ìlera nìyẹn. Tí tiyín bá ń sọ nǹkan mìíràn, ẹ fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa, a ó jọ gbọ́ ọ níbí. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o. Ire o.