Ilé Amọ̀ Ẹ̀rúnmu àti Ìwé-Ẹ̀rí Ilé Tí Kò Ba Àyíká Jẹ́



Ní Ẹ̀rúnmu àti ní àwọn abúlé oko tí ó yí i ká, ilé amọ̀ ṣì wà. Àwọn tí ó mọ wọ́n gbẹ́ amọ̀ nítòsí, wọ́n fi ẹsẹ̀ gún un, wọ́n mọ ìpele kan, wọ́n sì dúró kí ó gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Wọn kò dá iná kankan fún un. Símẹ́ǹtì kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Ewékorò, níbi tí ilé-iṣẹ́ símẹ́ǹtì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960, òkúta ẹfun ni a ń wà, tí a sì ń sun nínú iná tí ó gbóná tó nǹkan bí 1,450 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Yàtọ̀ sí èéfín iná náà, òkúta yìí fúnra rẹ̀ a máa tú afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù sílẹ̀ bí a ti ń sun ún.

Ẹni tí ó gbọ́ èyí lè rò pé ilé amọ̀ ni yóò kọ́kọ́ gba ìwé-ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ilé ọ́fíìsì bí Heritage Place ní Ìkòyí, tí a parí ní 2016, ni ó gba LEED ti àwọn ará Amẹ́ríkà. N kò bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Àwọn tí ó kọ́ ọ ní àkọsílẹ̀ lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo EDGE, ètò ti International Finance Corporation, ẹ̀ka kan lára Báńkì Àgbáyé. Ó ń béèrè pé kí ilé dín iná tí ó ń lò, omi, àti kábọ́ọ̀nù inú èròjà rẹ̀ kù, ó kéré tán 20 nínú 100 lọ́kọ̀ọ̀kan, sí ti ilé tí a sábà ń kọ́ ní àdúgbò náà. Ògiri amọ̀ tí a gún wà lára ohun tí ènìyàn lè yàn níbẹ̀. Síbẹ̀, olùyẹ̀wò kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnu: àwòrán ilé, fọ́tò iṣẹ́ àti rìsíìtì ni yóò béèrè. Ta ni yóò já rìsíìtì fún amọ̀ tí a gbẹ́ ní ẹ̀yìnkùlé ẹni?

Èmi kò sọ pé kí àgbẹ̀ kan lọ gba ìwé-ẹ̀rí fún yàrá méjì. Owó rẹ̀ kò bá a mu. Ilé-ìwé tàbí ilé ìwòsàn tí ìlú fẹ́ kọ́ ni mo ń rò. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni kí a ti ní ìwé kan: ibi tí a ti gbẹ́ amọ̀, bí ó ti jìnnà tó, iye ẹrù, àti bí ògiri ti nípọn tó. Bí a bá po símẹ́ǹtì díẹ̀ mọ́ ọn kí ó lè lágbára, kí a kọ iye àpò rẹ̀. A kò gbọdọ̀ fi pamọ́, nítorí a óò kà á. Kí a ya fọ́tò ìpele kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọ̀pá ìwọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí a tó rẹ́ ògiri. Lẹ́yìn tí a bá rẹ́ ẹ tán, amọ̀ àti búlọ́ọ̀kù di ọ̀kan náà lójú àlejò. Lọ́dọ̀ onípákó pẹ̀lú, kí a béèrè ìwé tí ó fi ibi tí a ti gé igi náà hàn kí a tó sanwó.

Bí bíríkìlà kò bá mọ̀wé, kí a fi ọmọ ilé-ìwé kan ṣe akọ̀wé rẹ̀, kí ó sì fi Yorùbá kọ ọ́ lójoojúmọ́. Títúmọ̀ rẹ̀ fún olùyẹ̀wò kò ju iṣẹ́ ọjọ́ kan lọ.